Owó 'àgírímẹ́ǹtì' tí mo san ní Glasgow, tí mi ò jẹ ẹnikẹ́ni

Ẹ̀kọ́ òfin ni mo kà. Kí n tó rìnrìn àjò, mo ti bá àwọn lọ́yà àgbà n'Íbàdàn kọ àgírímẹ́ǹtì ilé lóríṣiríṣi, àwọn ọ̀rẹ́ sì máa ń pè mí lórí fóònù pé, "Lọ́yà, jọ̀ọ́ bá wa wo ìwé yìí ká tó fọwọ́ sí i." Síbẹ̀, ọjọ́ kẹta tí mo dé Glasgow, nílẹ̀ Scotland, mo ka £300 lé ọmọ Yorùbá bíi tèmi lọ́wọ́, owó tí òfin ibẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ayálégbé. Mi ò gba rìsíìtì. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó mú mi rántí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àsìkò tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń jàpá lọ kàwé tún ti ń súnmọ́. Fóònù mi ti kún fún ìbéèrè: físà ń kọ́? Irú báńkì wo ló dáa? Ṣé kí n ra jákẹ́ẹ̀tì òtútù láti ilé ni, àbí kí n dé ọ̀hún kí n tó rà á? Gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń béèrè pé, "Tí mo bá dé, kí ni kí n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe?" Bẹ́ẹ̀, inú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gan-an ni èmi ti jìyà àìmọ̀kan mi.

Ilé wọ́n ju góòlù lọ

Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022 ni mo dé. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni Ọbabìnrin Elizabeth papòdà ní Balmoral, nílẹ̀ Scotland kan náà. Wọ́n ti sọ àsíá kalẹ̀ dé ìdajì òpó. Lásìkò yẹn, físà ọlọ́jọ́ kúkúrú ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ páspọ́ọ̀tì wa; tí èèyàn bá wọ̀lú tán, ó gbọ́dọ̀ lọ gba káàdì kan láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ilé ìfìwéránṣẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gbà á. Ní báyìí, wọ́n ti gbé káàdì yẹn kúrò, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí físà wà. Kí n tó mọ̀, wọ́n ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 19, ni ìsìnkú ọbabìnrin, ìsinmi ni fún gbogbo ìlú. Mo ń fi ìka ka ọjọ́. Mi ò ní káàdì, mi ò ní àkáǹtì, mi ò nílé.

Ti ilé ló wá le jù. Ní Glasgow lọ́dún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ju yàrá lọ. Àwọn kan ń sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn kan ń gbé nílùú mìíì tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí kíláàsì. Èmi wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kan, àwa mẹ́fà nínú yàrá kan, alaalẹ́ là ń sanwó. Lálaalẹ́ ni owó tí màmá mi kó àjọ fún ń dín kù.

Ẹnì kan tí mo pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì n'Íbàdàn ti fún mi ní nọ́ńbà Bọ̀ọ̀dá kan tó ti pẹ́ níbẹ̀. Mo pè é. Ká má purọ́, èèyàn dáadáa ni. Mọ́tò ara ẹ̀ ló fi wá gbé ẹrù mi. Ó ra ìrẹsì àti adìẹ fún mi. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn ìjókòó mọ́tò fún mi, ó ní, "Wọ eléyìí, àbúrò, èyí tó o wọ̀ yẹn, ti ọyẹ́ nìyẹn." Òun ló ń bá ẹnì kan bójú tó fúláàtì kan ní Dennistoun, ní apá ìlà oòrùn ìlú náà. Ọmọ Abẹ́òkúta kan àti ọmọ Ghana kan ti wà níbẹ̀, yàrá kan ló kù.

Bọ̀ọ̀dá ṣe ìṣirò fún mi nínú mọ́tò: owó oṣù kan, £450. Dìpọ́síìtì, ìyẹn owó kọ́ṣọ̀n tiwa, £450. Ó wá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní, "Àgírímẹ́ǹtì àti kọ́míṣánnì ṣá, £300. O kúkú mọ bó ṣe máa ń rí."

Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? Àjẹ́ńtì á gba tiẹ̀, lọ́yà á gba tiẹ̀, kọ́ṣọ̀n á tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi fúnra mi ti jẹ nínú owó àgírímẹ́ǹtì rí. Torí náà, mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Mo ka owó náà fún un.

Bẹ́ẹ̀dì, kíláàsì, bẹ́ẹ̀dì

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò rí Glasgow. Yàrá mi ni mo rí. Tí mo bá lọ sí kíláàsì, màá padà wá, màá ti ilẹ̀kùn, màá ká lábẹ́ dúfé, màá máa wo fídíò àwọn ará ilé. Òjò wà lára ìdí ẹ̀, torí òjò Glasgow kì í pariwo. Ṣe ló máa ń rọ̀ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo rò pé mo gbọ́, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní Duke Street sọ ọ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ̀ pé báàgì ló ní ṣé mo fẹ́.

Nígbà tó máa fi di ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, owó ọwọ́ mi ti fẹ́ẹ̀ tán. Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Ó ní òun lè bá mi wá iṣẹ́ alẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan. Mo ní físà mi ò gbà ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn kan ń ṣe ogójì. Ta ló ń kà á?"

Ẹ wo bí nǹkan ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. £300 tí kò yẹ kó jáde ló jáde. Àyè tó ṣí sílẹ̀ ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ tí kò bófin mu dí. Tí ọwọ́ bá tẹ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọjá wákàtí tí físà ẹ̀ gbà, wọ́n lè gba físà náà lọ́wọ́ ẹ̀, kó padà sílé láìgba oyè. Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé kí ó jẹ́ kí n rò ó.

Ẹsẹ̀ ni mo fi mọ ìlú

Torí pé mo fẹ́ máa fi owó bọ́ọ̀sì pamọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Láti Dennistoun dé àárín ìlú, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni. Ẹ ó gba Duke Street, ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí Tennent's, òórùn ọkà tí wọ́n ń sè níbẹ̀ á kọ́kọ́ bá yín kí ẹ tó rí ilé náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó dé George Square.

Níwájú ilé àwòrán ìgbàlódé ìlú náà, mo rí ère ológun kan lórí ẹṣin. Wọ́n fi kóònù òpópónà, èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń lò, dé e lórí bíi fìlà. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀mùtí kan ló ṣe é lálẹ́ àná. Àṣé ère Duke of Wellington ni, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ará Glasgow ti ń dé e ní kóònù. Tí wọ́n bá yọ ọ́, àwọn èèyàn á tún gbé òmíràn gùn ún. Èmi nìkan ni mo ń rẹ́rìn-ín lójú títì. Ọjọ́ yẹn lara mi kọ́kọ́ balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ àwọn òpópónà tó yí ibẹ̀ ká: Jamaica Street, Virginia Street, Glassford Street. Tábà àti ṣúgà tí àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà gbìn ní Amẹ́ríkà àti Caribbean ló sọ àwọn oníṣòwò ibẹ̀ di olówó. Ilé àwòrán tí ère yẹn wà níwájú ẹ̀ gan-an, ilé oníṣòwò tábà kan, William Cunninghame, ni. Nǹkan bí ọdún 1778 ni wọ́n kọ́ ọ.

Ọdún yẹn dún létí mi. Mo ti gbọ́ ọ ní kíláàsì: ẹjọ́ Knight àti Wedderburn, ilé ẹjọ́ gíga ìlú Edinburgh, 1778. Mo wọ Mitchell Library, ilé ìkàwé ńlá ti ìlú náà. Ọ̀fẹ́ ni, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná fóònù sì wà níbẹ̀. Mo jókòó, mo sì ka ìtàn náà tán.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó Joseph Knight, wọ́n tà á ní Jamaica, ọ̀gá ẹ̀, John Wedderburn, sì mú un wá sí Scotland. Ní 1772, Knight ka ìwé ìròyìn. Ó rí i níbẹ̀ pé ilé ẹjọ́ kan ní London ti dá ẹjọ́ James Somerset, pé ọ̀gá ẹ̀ ò lè fi tipátipá kó o padà sóko ẹrú. Knight ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún Somerset, ọ̀rọ̀ kan òun náà. Ó fẹ́ máa lọ. Wọ́n mú un. Àwọn adájọ́ kékeré ní Perth dá ọ̀gá láre, adájọ́ tó ga jù wọ́n lọ níbẹ̀ dá Knight láre, ìgbà tó wá dé ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n ní òfin Scotland ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹrú.

Mo gbé ìwé náà kalẹ̀. Ọkùnrin yẹn ò lówó, kò ní òmìnira, ìlú ẹni ẹlẹ́ni ló wà. Ìwé ìròyìn kan ló kà tó fi mọ̀ pé òfin ibẹ̀ lè gbe òun. Èmi ń kọ́? Èmi lọ́yà, mo dé ìlú kan náà pẹ̀lú fóònù olówó ńlá lọ́wọ́, mi ò ka ojú ìwé kan nípa òfin ilé wọn kí n tó sanwó.

Ìwé ara gíláàsì

Bóyá ohun tí mo kà yẹn ló la ojú mi. Ọjọ́ kejì ẹ̀, mo kọjá níwájú ọ́fíìsì kan tó máa ń fún ará ìlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti kọjá níbẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì wọn, tó ń béèrè bóyá dìpọ́síìtì rẹ wà níbi tó yẹ kó wà. Mo wọlé.

Ìyá àgbà kan ló dá mi lóhùn. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò kánjú. Ohun tí mi ò bá gbọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó béèrè iye tí mo san. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé orí £300, ó gbé bírò kalẹ̀, ó sì béèrè pé kí ni mo fi ra.

Ohun tó ṣàlàyé fún mi nìyí. Ní Scotland, ohun méjì péré ni onílé tàbí àjẹ́ńtì lè gbà lọ́wọ́ ayálégbé kó tó wọlé: owó ilé àti dìpọ́síìtì. Dìpọ́síìtì ọ̀hún ò gbọdọ̀ ju owó oṣù méjì lọ. Owó àgírímẹ́ǹtì, owó kọ́míṣánnì, owó fọ́ọ̀mù, kò sí èyí tó bófin mu níbẹ̀. Dìpọ́síìtì náà kì í gbé àpò onílé. Láàárín 30 ọjọ́ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí láti máa tọ́jú ẹ̀. Tí onílé ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ayálégbé lè pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì lè ní kó san tó ìlọ́po mẹ́ta dìpọ́síìtì náà. Onílé tún gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ẹnikẹ́ni sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àti pé láti oṣù Kejìlá 2017, àgírímẹ́ǹtì ayálégbé tuntun ò ní ọjọ́ ìparí. Onílé ò kàn lè sọ pé "jáde" láìní ìdí tí òfin mọ̀.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún ìyá náà pé lọ́yà ni mí.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Bọ̀ọ̀dá

Mo pe màmá mi kí n tó pe Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ẹni tó gbé ẹrù ẹ wọlé kì í ṣe ọ̀tá ẹ. Ṣùgbọ́n owó àjọ mi náà kì í ṣe ọ̀tá ẹ. Má bá a jà. Sọ pé kó fún ẹ lówó ẹ."

Mo lọ bá a nílé lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ £300 yẹn ni. Wọ́n ní kò yẹ kí n san án."

Ojú ẹ̀ yí padà. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Àbúrò, òfin òyìnbó lo fẹ́ fi mú mi? Èmi tí mo gbà ẹ́ lójú òjò? Ṣé àwọn òyìnbó yẹn ló gbé ẹrù ẹ ni?"

Mi ò lè dáhùn, torí òótọ́ ni. Àwọn òyìnbó kọ́ ló gbé ẹrù mi. Mo fà á ní ìwé tí ìyá yẹn fún mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ kàn bá mi kà á."

Ó kà á. Ó yí i sẹ́yìn, ó tún kà á. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun dé ní 2014, £200 ni ẹni tó gba òun sílé gbà lọ́wọ́ òun, ọmọ Yorùbá ni onítọ̀hún náà. Ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun rí.

Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ dòní. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè pè é ní gbájúẹ̀. Ẹnì kan gba tiẹ̀, òun náà gba tèmi, ká ní mi ò wọ ọ́fíìsì yẹn ni, bóyá èmi náà ì bá ti gba ti ẹlòmíì lọ́dún kejì, màá sì sọ fún un pé, "O kúkú mọ bó ṣe máa ń rí."

Ó dá £200 padà lọ́sẹ̀ yẹn, ó san £100 tó kù kí oṣù tó parí. Ìméèlì ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú dìpọ́síìtì dé sórí fóònù mi, àti sórí ti ọmọ Abẹ́òkúta àti ọmọ Ghana tí à ń jọ gbé. Mi ò lọ ṣiṣẹ́ alẹ́ tó kọjá wákàtí físà mi. Ṣùgbọ́n àárín èmi àti Bọ̀ọ̀dá ò rí bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Tí a bá pàdé, a máa ń kíra. Kò tún pè mí wá jẹ ìrẹsì mọ́. Ìyẹn dùn mí, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ẹ̀yin tó ń múra àtilọ

Ohun tí mò ń sọ kì í ṣe pé kí ẹ máa sá fún ọmọ Yorùbá lókè òkun. Ta ló máa wá gbé yín lójú òjò? Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó gbé ẹrù yín lè máà mọ òfin ìlú tó ń gbé, bó tilẹ̀ ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Inúure ọ̀tọ̀, ìmọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ gba inúure lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ wá lọ béèrè ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní jèrè kọ́bọ̀ kan lára yín: ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ilé ìkàwé ìjọba, àwọn tó ń fún ará ìlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ má sì fi òfin ìlú kan ṣe ti ìkejì. England àti Scotland wà nínú Britain kan náà, ṣùgbọ́n òfin ilé wọn yàtọ̀. Ní England, òfin 2019 ló fòpin sí ọ̀pọ̀ owó àjẹ́ńtì, dìpọ́síìtì ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ibi tí ẹ bá dé ni kí ẹ bi nípa ẹ̀.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé kí ẹ jáde. Ẹ má lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lábẹ́ dúfé. Ẹ rìn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Glasgow, mo wọ èyí tó ń lọ sọ́nà òdìkejì. Àyà mi já. Àṣé òbìrìkìtì ni ọ̀nà ẹ̀, ibùdókọ̀ 15 péré ló ní láti ọdún 1896 tí wọ́n ti ṣí i. Tí ẹ bá jókòó pẹ́ díẹ̀, ẹ ṣì máa dé ibi tí ẹ̀ ń lọ. Ìyẹn kọ́ ni bí owó ṣe máa ń rí. Owó tó bá ti lọ lọ́wọ́ àlejò, ó ṣòro kó tó yí padà.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọjá níwájú gíláàsì yẹn kí n tó rí ohun tí wọ́n kọ sí i. Ẹ̀yin ẹ tètè kà á.